Bí Kọ̀ǹpútà Ìyá Mi ní Ìtòkú Ṣe Kọ́ Ọ̀nà Tuntun Láti Jí

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà méjì péré ló ń já mi láyà lójú kọ̀ǹpútà: L àti I. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tó ń lo LILO, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí Linux, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí L yọ ní igun òkè, tí I tẹ̀lé e, tí gbogbo nǹkan wá dákẹ́, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní Sápọ́n, Abẹ́òkúta, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka àwọn lẹ́tà náà. Wọn á na ìka ìfábẹ̀là wọn, èyí tí irin tí wọ́n fi ń jó wáyà ti dá àpá sí lára, wọn á fi kan lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan: "L àkọ́kọ́, apá kìíní ti jí. I, ó ti lọ gbé apá kejì wá. L kejì, apá kejì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O, ó ti rí àkọsílẹ̀ tó ń wá. Ibi tó bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a."

Mi ò tíì rí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ jíṣẹ́ báyìí. Mo fẹ́ràn LILO dénú, ìfẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Orí tábìlì kékeré kan lẹ́yìn àwọn òkìtì aṣọ ló wà, wọ́n fi ògbólógbòó àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan bò ó nítorí eruku. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án kò funfun mọ́. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ìkòkò aró ló máa ń tẹ̀ ẹ́ ní àràárọ̀, àmì ìka aláwọ̀ aró sì ti mọ́ ọn lára débi tí ẹ fi lè ka ìlà ọwọ́ ìyá mi níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ yìí ni àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà wà: ẹni tó san owó ìlàjì, ẹni tó fẹ́ aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọ̀ tí wọ́n yàn. Àwòrán aṣọ náà wà níbẹ̀. Ìyá mi ti pa á láṣẹ pé aṣọ ẹlẹ́kọ kankan kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé a ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìyá kan tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya Olókun àti Ìbàdándùn sára aṣọ nígbà tí wọn wà lọ́mọge ti kú, wọ́n sì gbé ọwọ́ wọn lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ bá wọn lọ.

Slackware, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ni mo gbé sórí ẹ̀rọ náà lọ́dún 2012, LILO ló sì ń jí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jíjí yìí. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ Linux, kò mọ Windows, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì. Nínú ètò BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí, èyí tó bá IBM PC wáyé lọ́dún 1981, ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ kò ju kó lọ sí sector àkọ́kọ́ lórí disk (sector ni ègé kékeré tí wọ́n pín disk sí), kó gbé báìtì 512 tó wà níbẹ̀ sínú mẹ́mórì, kó wò ó bóyá méjì tó kẹ́yìn jẹ́ 55 àti AA, kó sì fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nínú 512 yẹn, 64 jẹ́ ti tábìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe pín disk sí ìpín mẹ́rin. Méjì jẹ́ ti àmì ìparí. Ó ku 446. Inú 446 yẹn ni ẹni tó máa jí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ mọ́. Ìpínrọ̀ Yorùbá kékeré kan, tí ẹ bá fi àmì ohùn sí i lórí bó ṣe yẹ, ti kún ibẹ̀ ṣẹ́ẹ́ṣẹ́.

Kò sí àyè nínú báìtì 446 láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka fóódà tàbí bí wọ́n ṣe ń wá fáìlì. Ọgbọ́n tí LILO wá dá ni pé, nígbà tí Linux ṣì wà lójú fò, ó máa ń lọ wo ibi gan-an tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, wà lórí disk, sector kan lẹ́yìn èkejì, á sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tí ẹ tan ẹ̀rọ, kò ní béèrè kernel lórúkọ. Nọ́ńbà ló máa tẹ̀ lé. Ó dà bí ẹni tó mọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó, tí kò mọ orúkọ àdúgbò, tí kò mọ nọ́ńbà ojúlé, àmọ́ tó mọ̀ pé tí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìgbésẹ̀ ogójì, yà sí ọ̀tún, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ojú á fọ́, ẹsẹ̀ á sì gbé e débẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rẹ́ bá kó kúrò ńkọ́? Ẹsẹ̀ á ṣì gbé e débẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ṣílẹ̀kùn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbàkúgbà tí ẹ bá pààrọ̀ kernel, àfi kí ẹ tún pàṣẹ lilo kó lè lọ ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ tuntun. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà àìmọye. Síbẹ̀, lọ́dún 2016, ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mẹ́ta pàdé ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kernel tuntun sí i, mo pa ti àtijọ́ rẹ́, oníbàárà kan pè mí, mo dìde. Mi ò pàṣẹ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, LILO kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, ó lọ síbi tó mọ̀, kò sì bá ẹni tó ń wá níbẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Àwọn tó wá gba aṣọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Alẹ́ ni mo tó tún un ṣe, láti orí flash kan tí mo lọ yá ní Pánṣẹ́kẹ́.

Ohun tí ìyá mi sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò gbàgbé. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí o bá rìnrìn àjò lónìí ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Nígbà yẹn, ẹni tó ń tọ́jú LILO ti kéde pé òun máa dá iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2015, nítorí àwọn ohun tí kò lè bá ṣe dáadáa, GPT, ọ̀nà tuntun láti pín disk, wà lára wọn. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù wa wá dá lé ètò tí ẹni tó ni ín ti fi sílẹ̀, àti lé ọmọ kan ṣoṣo tó mọ iye ìgbésẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún fi í sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, torí pé ó ń ṣiṣẹ́. "Ó ń ṣiṣẹ́" ni a máa ń sọ nípa òrùlé títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé.

Àwòrán ló fipá mú mi. Disk àtijọ́ kún. Mo ra tuntun, 4TB, mo sì fẹ́ pín in bí mo ṣe máa ń pín disk látọjọ́ pípẹ́. Kò gbà. Tábìlì inú sector àkọ́kọ́ yẹn máa ń fi bíìtì 32 ka iye sector, iye tó sì lè kà kò lè kọjá 4,294,967,296. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 512, báìtì tó dín díẹ̀ ní tírílíọ̀nù 2.2 ni. Níbẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ pin sí. Èyí tó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì owó disk tí mo san máa wà níbẹ̀ láìlórúkọ, bí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìwé.

GPT ni disk ńlá ń fẹ́. Ó lè gba ìpín 128, ó sì máa ń fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí ìparí disk, kó bà a lè jẹ́ pé bí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá bàjẹ́, ti ìparí á wà. UEFI, arọ́pò BIOS, ló sì mọ̀ ọ́n lò jù. Intel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí EFI fún àwọn ẹ̀rọ Itanium ní àwọn ọdún 1990, kí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó dá UEFI Forum sílẹ̀ lọ́dún 2005 tó gbà á. Ohun tó yí padà kò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ òun ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: firmware, ìyẹn ètò tó wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ gan-an, ti mọ ìwé kà. Ó lè ṣí ìpín kékeré kan tí wọ́n fi FAT, ìlànà kan fún títo fáìlì, ṣe, tí wọ́n ń pè ní ESP, kó wo fóódà inú rẹ̀, kó sì pe fáìlì lórúkọ. Bootloader, ìyẹn ètò tó ń jí Linux bíi LILO, kò tún fún ara rẹ̀ mọ́ inú báìtì 446 mọ́. Fáìlì ni, ó lórúkọ, ó lójúlé, ojú ènìyàn lè rí i. Orúkọ yẹn ni firmware máa kọ sínú ìrántí tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ibùdó yìí, ọmọ Ẹ̀gbá kò lè gbọ́ ọ kó má ronú kan nǹkan kan. Nígbà tí àwọn bàbá wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n rù dé. Orúkọ ni. Aké, Kéesì, Ìporò, Ìtòkú yìí pẹ̀lú, ìlú ni wọ́n nínú igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó tú wọn ká. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ka ìgbésẹ̀ lọ sí òrílé àtijọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn, igbó ló máa bá. Ẹni tó bá béèrè pé "Níbo ni Ìtòkú wà?" ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ń wá. Látọjọ́ tí mo ti ro èyí ni inú mi ti rọ̀ láti fi LILO sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe é, tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, torí náà mo kọ́kọ́ fi rsync da gbogbo disk àtijọ́ kọ sórí disk mìíràn tó wà níta, mo ka iye fáìlì, mo ṣí àwòrán bíi mẹ́wàá wò. Lẹ́yìn náà ni mo fi gdisk pín disk tuntun: ìpín àkọ́kọ́ 512MB, irú EF00, FAT32, èyí ni ESP, òmíràn fún Slackware, ìyókù gbogbo rẹ̀ fún àwòrán. Mo kó ilé àtijọ́ wọ inú tuntun, mo tún ìwé fstab, àtòjọ àwọn ìpín tí Linux ń lò, kọ kó lè máa fi UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, pe ìpín kọ̀ọ̀kan. Èyí rọrùn. Ẹ lè ṣe é lójú oorun.

Ibi tó ti di mí lọ́wọ́ rèé. Mo fi flash tan ẹ̀rọ, mo wọ inú Slackware tuntun pẹ̀lú chroot, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ nínú Linux tó wà lórí disk, mo ní kí GRUB, bootloader tí mo fẹ́ fi rọ́pò LILO, wọlé sínú ESP. Fáìlì rẹ̀ wọlé. Àmọ́ nígbà tó kù kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìrántí firmware, ẹ̀rọ dá mi lóhùn:

EFI variables are not supported on this system.

Ìyẹn ni pé kò rí ìrántí EFI kankan lórí ẹ̀rọ yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ yìí ní UEFI, mo ti rí i nínú sẹ́tíìnì rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Mo yọ ìwé tó wá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù, mo kà á. Mo fura sí disk. Mo fura sí flash. Iná ọba lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo padà jókòó. Níkẹyìn ni mo wá wo /sys/firmware bóyá màá rí fóódà kan tó ń jẹ́ efi níbẹ̀. Kò sí. Ó wá yé mi. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀nà àtijọ́ jí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn. Flash kan náà lè jí lọ́nà BIOS, ó sì lè jí lọ́nà UEFI, ti àtijọ́ ló sì wà lókè nínú àtòjọ, torí pé èmi ni mo fi í sókè lọ́dún 2012. Ẹ̀rọ tó bá sì jí ní ọ̀nà àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kó wọ yàrá tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ti tuntun. Ẹ ní láti kọ́kọ́ jí lọ́nà UEFI kí ẹ tó lè ṣètò bí ẹ ó ṣe máa jí lọ́nà UEFI.

Mo jókòó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí ló ti gbọ́ èdè tuntun. Èmi ni mo ń fi èdè àtijọ́ bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Mo tún un tàn, mo tẹ F9, mo rí orúkọ flash náà lẹ́ẹ̀mejì nínú àtòjọ, ọ̀kan ní UEFI níwájú. Mo yan ìyẹn. Mo padà sínú chroot, mo so /dev, /proc àti /sys mọ́ ọn, mo so efivarfs, ọ̀nà tó lọ sí ìrántí firmware, mo pàṣẹ kan náà tí mo ti pa ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Kò jà. Nígbà tí mo pe efibootmgr, àṣẹ tó ń ka ìrántí náà, ó kọ ọ́ síwájú mi gedegbe: Boot0000, slackware, àti ọ̀nà tó lọ sí fáìlì rẹ̀, \EFI\slackware\grubx64.efi. Mo fi ìka kàn án lójú kọ̀ǹpútà bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò sí nọ́ńbà sector tí fáìlì náà wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ flash, mo tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ aró yẹn. Ojú dúdú, lẹ́yìn náà àtòjọ GRUB, lẹ́yìn náà Slackware. L kò yọ. Mo sọ òtítọ́, ọkàn mi wá a.

Disk àtijọ́, pẹ̀lú LILO lórí rẹ̀, wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nílé. Mo fi ọ̀rá wé e, mo kọ déètì sí i.

Ìbéèrè ìyá mi padà wá ní oṣù bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìbàdàn ni mo wà lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi obìnrin, tó ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, pè mí: iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀, kọ̀ǹpútà sì ti kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò rí ibi tí òun máa gbà jí. Irú firmware kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá jí tí disk kò tètè dáhùn, á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìrántí. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní ayé LILO, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àfi kí n wọ mọ́tò padà sí Abẹ́òkúta.

Mo ní, "Pa á, tún un tàn, kí o máa tẹ F9. Kí lo rí?"

"Àwọn nǹkan pọ̀ níbí o, bọ̀ọ̀dá mi."

"Wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé boot from EFI file."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọjà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń ná ọ̀pá márùn-ún. "Mo ti rí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé EFI wá."

"Wọlé síbẹ̀."

"Mo rí slack... slackware. Ṣé kí n wọ ibẹ̀ náà?"

"Wọ ibẹ̀."

"Grub-x-six-four." Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ ojú pópó. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbí, bọ̀ọ̀dá mi." Kí n tó sọ ohun kan ló ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò létí, tó ń sọ fún oníbàárà pé àwòrán aṣọ tó ń béèrè ti ń bọ̀, kó ní sùúrù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo da fáìlì kan náà kọ sí ojúlé kejì, \EFI\BOOT\BOOTX64.EFI, èyí tí firmware UEFI máa ń lọ wò fúnra rẹ̀ bí kò bá rántí orúkọ kankan mọ́. Mo yọ orúkọ slackware kúrò nínú ìrántí rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ láti dán an wò, ó jí. Mo tún dá orúkọ náà padà.

Nígbà tí mo yí ẹ̀rọ náà láti nu ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí ìwé kékeré kan tí àbúrò mi fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi báírò kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: "Tí kò bá jí: F9, EFI, slackware, grubx64." Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ti fi ọwọ́ tó ṣì tutù fún aró kan ìwé náà. Mo sún mọ́ ọn, mo wo ìlà ìka náà. Ti ìyá mi ni.